Lẹ́tà Tí Kọ̀ǹpútà Pè Ní Orin

Àtìní, 4 Ṣẹẹrẹ 1999
Lẹ́tà ilé-ìwé nọ́ọ̀sì Ràbíátù ọmọ mi wọlé láti Lọ́ńdọ̀nù sórí kọ̀ǹpútà Àkíbù, tó fi ń ṣòwò ní Bẹẹrẹ. Lẹ́tà náà ló máa sọ bóyá wọ́n gbà á, àti ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fèsì. Ó lé ní wákàtí kan kó tó wọlé tán. Èmi àti ọmọ mi jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ ẹ̀wà lórí iná.
Ló bá di orin! Àmì orin lára rẹ̀, wọ́n tún kọ "orin" síbẹ̀ gbangba. Àkíbù yọwọ́. Ó ní òun ò ní fi ẹnu ààwẹ̀ ṣí orin, ká padà wá lẹ́yìn Ìtunu. Mo ní ta ló ń fi orin gba ọmọ sílé-ìwé? Ó ní kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Alákọrí.

Àtàlátà, 5
Mo ti rò ó. Sìdí tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì orin l'Ọ́jà'ba tẹ́lẹ̀ — ṣebí Lọ́ńdọ̀nù lòun náà wà báyìí? Orin ìfẹ́ ló fi ránṣẹ́ sọ́mọ mi.
Mo bi Ràbíátù. Ó ní òun ò mọ Sìdí. Ó fẹ́ gbé lẹ́tà náà lọ fún Lucy oníkọ̀ǹpútà ní Mọ́lété. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọjá Màpó. Èmi tí mo gbé aṣọ títà lérí ní ọjà Gbági títí irun fi dá láàárín orí mi, nítorí owó ìwé rẹ̀!

Àlàrùbá, 6
Ó tún ní òun ò mọ Sìdí. Mo gbé aṣọ lérí, ó dọjà.

Jímọ̀, 8
Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri Pópó Yemọja pé wọ́n ń forin ránṣẹ́ sọ́mọ mi nínú ààwẹ̀. Ẹnu Àkíbù ló ti jáde. Inú ń bí mi. Àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè.

Sátidé, 16
Ràbíátù fọgbọ́n bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí Àkíbù da nǹkan náà sórí díìsì tí wọ́n fi ń gbé iṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ó gba Mọ́lété lọ. Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti ká a mọ́bẹ̀.
Lucy ṣí i. Lẹ́tà ni.
Ó ní ìparí orúkọ tí wọ́n bá fún nǹkan nìkan ni kọ̀ǹpútà ń wò, kì í yẹ inú wò. Ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ṣì í kọ bíi ti orin. Wọ́n gba Ràbíátù. Kó fèsì kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá. Ìjẹta nìyẹn! A fèsì lójú ẹsẹ̀.

Àtìní, 18
Èsì dé. Wọ́n ti fún ẹlòmíì láyè rẹ̀.
Mo wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ Àkíbù, n óò fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ọn lórí. Ràbíátù dúró dí ẹnu ọ̀nà mọ́ mi. Kò pariwo. Ó ní, "Màámi, Àkíbù ò ní ká má gbé e lọ síbòmíì. Ọjọ́ kejì tó wọlé ni mo ti fẹ́ lọ Mọ́lété."
Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò mọ Sìdí." Ìgbà kẹta nìyẹn.
Mo tú gèlè. Mi ò mọ ẹni tí n óò lọ bá jà.