Áyọ́ọ̀nù Tí Ẹ Fi Ránṣẹ́ Kò Bàjẹ́

Ẹ̀yin ẹni wa ọ̀wọ́n,

Èmi, Ọ̀gá Pátápátá fún gbogbo iná mànàmáná, ló ń kí yín. Mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Ikọ́ ìyá yín ti lọ. Orúnkún bàbá yín ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde nìyí. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá yín jó wáyà. Ìyá ní, "Ayédèrú lọmọ mi rà. Ẹ gbé e dànù." Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún iná ṣe, mo fi mítà rẹ̀ wọ̀n ọ́n: fóltì 220, áḿpù 5. Mo fi áḿpù pín fóltì, ìdènà iná inú rẹ̀ jẹ́ ómù 44. Mo sọ fóltì àti áḿpù di ìlọ́po ara wọn, agbára rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,100, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wáyà rédíò bàbá ni wọ́n fi ń tan án, áḿpù kan péré ni ìyẹn sì lè gbé.

Ìyá wa ní, "Háà, mo bú ọmọ mi lásán."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà tó nípọn ránṣẹ́. Iná ilé yín kò ní kú.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí ọ̀gá kankan níbí o. Èmi Ayékòótọ́ ni, àbúrò yín tí ẹ ní ìṣirò kò lè wọ orí rẹ̀ láéláé.