Ewé Ni Mo Sè, Mi Ò Ní Fọwọ́ Sí Irọ́

Rolla, Sharjah,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2010.

Ganiat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé. Ara mi le, ojú mi ríran dáadáa, ẹsẹ̀ mi sì ṣì ń gbé mi gun àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí mo ti gba bedspace, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan nínú yàrá. Mo gbàgbọ́ pé ìwọ náà wà dáadáa ní yunifásítì. Tí o bá ti rù, jọ̀ọ́ jẹun. Abdulsalam tó ń kó kágò ní Deira ti fún mi ní lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú bí mi nígbà àkọ́kọ́, inú tún bí mi nígbà kejì, ìdí nìyí tí mo fi ń fèsì lónìí Jímọ̀ láìjẹ́ kí ó tutù.

O ní kí n fọwọ́ sí ìwé tí ilé iṣẹ́ wa gbé síwájú mi, kí n rọra máa bọ̀ nílé. O ní ojú ń tì ọ́, pé ìwọ ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn, ìyá rẹ sì ń se àgbo kiri ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Ó dáa. Fara balẹ̀ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, nítorí ẹni tó ròyìn fún Abdulsalam, tí òun náà fi sọ fún ọ, kò ròyìn tán.

Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé Dubai ti dẹnu kọlẹ̀ ni ilé iṣẹ́ wa ti ń wá bí yóò ṣe dín èèyàn kù. Àwa mẹ́rìnlélógún ni a jọ ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mirdif. Ó ti ku mẹ́tàlá. Wọn kì í fẹ́ kí ó dà bíi pé àwọn ló lé èèyàn. Wọ́n fẹ́ràn kí onítọ̀hún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ṣẹ̀, kí ó sì gba pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Fi ìyẹn sọ́kàn bí o ṣe ń kà á lọ.

Obìnrin ará Íńdíà kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, Sudha ni orúkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń ránṣọ. Ó gbin ewé kan sínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí n sunkún, nítorí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ni mo rí. Efinrin ni mo pè é. Ewé rẹ̀ kéré sí tiwa, igi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti kànáfùrù, ṣùgbọ́n ìbátan ni wọ́n, kò sí àní-àní. Tulsi ni wọ́n ń pè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Rachel, ọmọbìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Mirdif, tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi. Ó ń pariwo pé, "Mummy, belle dey bite me o!" Mo rántí bí mo ṣe máa ń fún efinrin mọ́ iyọ̀ fún ọ nígbà tí o wà ní kékeré. Ni mo bá bọ́ síta, mo já ẹ̀kúnwọ́ kan nínú ewé Sudha láì tọrọ. Sudha yọjú, ó rí mi, ó figbe ta, ó ká ọwọ́ lérí.

Mo kọ́kọ́ rò pé ahun ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ kì í já ewé náà tí oòrùn bá ti wọ̀, wọn kì í sì já a láì kọ́kọ́ kí i, nítorí àràárọ̀ ni wọ́n ń tan fìtílà fún un. Èmi kì í forí balẹ̀ fún ewé, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo mọ bí yóò ṣe rí lára mi tí ẹnì kan bá fi bàtà tẹ ẹní ìkírun mi. Mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, ó gbé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù fún mi nínú agolo mílíìkì. Ó ní, "Mama, for you. Only morning, okay?"

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Ó ní àwọn máa ń se é pẹ̀lú atalẹ̀ àti ata dúdú fún ikọ́, kí wọ́n tó fi oyin sí i, wọ́n sì máa ń fi ewé rẹ̀ ra ibi tí kòkòrò bá ta. Mo ní tiwa ń tọ́jú inú rírun, a ń fa ooru rẹ̀ símú fún ọ̀fìnkìn, a sì ń sè é sínú ọbẹ̀ ata fún ìyá ọlọ́mọ tuntun. A ń bára wa díje bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kò lórí pé ibà tó bá ti lé ní ọjọ́ mẹ́ta, ilé ìwòsàn ló kàn. Ṣé o rí i pé ìyá rẹ kì í ṣe òpè?

Nínú oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ oníyanrìn jà, gbogbo wa níbi iṣẹ́ ń wúkọ́. Mo se tulsi sínú fúláàsì mi, ẹni tó bá fẹ́ mu níbẹ̀, ọ̀fun wọn sì tù wọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi pè mí sí ọ́fíìsì ní Deira. Ìwé ti wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀. Ó ní èmi Wosilat Adékọ̀yà jẹ́wọ́ pé mo ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní sihr, pé mo sì fẹ́ lọ sílé. Sihr, Ganiat! Idán! Èmi tí mò ń kírun ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́! Ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n ni níhìn-ín, wọ́n sì ń ṣe bíi pé àánú ni àwọn ń ṣe mí. Máníjà ní, "Mama, khalas. Sign, go home, no problem. Yalla." Ó ní ó ti parí nìyẹn, kí n yára.

Mo ṣí fúláàsì mi, mo bu kún ìdérí rẹ̀, mo mu ún tán lójú rẹ̀. Mo bu òmíràn, mo nà án sí i, máníjà sún àga sẹ́yìn. Mo wá ní kí ó fún mi ní ìwé funfun. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé mo ti gbà. Yorùbá ni mo kọ síbẹ̀: pé ewé ni mo sè, pé tulsi ni orúkọ rẹ̀, pé ó ń tu ọ̀fun, pé kò wo gbogbo àrùn, àti pé mi ò pe ọfọ̀ kankan sí i. Ìyẹn ni mo fọwọ́ sí. Ó bi mí pé èdè wo rèé, mo ní kí ó rán ẹnì kan lọ sí àdúgbò Naif, yóò rí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí yóò kà á fún un.

Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, físà mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí ni a ó jọ dé iwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n lè dá mi padà sílé. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń bọ̀, mo ń bọ̀ pẹ̀lú orúkọ mi. Mi ò ní fi ọwọ́ mi kọ ara mi ní àjẹ́.

Nítorí náà, má bẹ̀ mí mọ́. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ rán ọ. Lọ bá olùkọ́ rẹ, kí ẹ jọ kọ orúkọ ewé yìí bó ṣe wà nínú ìwé yín, ohun tí àwọn èèyàn ti ń fi í ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹ kọ ọ́ ní èdè òyìnbó, kí ẹ lu òǹtẹ̀ sí i, kí o sì fún ẹni tí Abdulsalam bá rán sí ọ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ orúkọ tìrẹ, kọ ọ́ pé èmi ni ìyá rẹ. Tí ojú bá ń tì ọ́ bí o ṣe ń kọ ọ́, kí ó máa tì ọ́, ṣùgbọ́n kí o kọ ọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwé kíkà rẹ já sí asán. Ọ̀nà rẹ yóò là, ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò gbèjà rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí kò sì tíì fọwọ́ sí nǹkan kan,
Wosilat.

Àfikún ọ̀rọ̀: Rachel ló lọ fẹjọ́ mi sùn. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹkún sọ fún mi lánàá. Orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn tó ń lọ, wọ́n ní kí ó mú ẹlòmíràn wá dípò. Tí ó bá pè ọ́ lórí fóònù, má bú u. Mo ti sọ fún un pé màá máa bínú títí di ọjọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn náà màá foríjì í. Ó bi mí bóyá kí òun wá bẹ́ẹ̀dì síbòmíràn. Mo ní rárá o, kí ó dúró lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi níbẹ̀, kí ó máa gbọ́ bí mo ṣe ń kọ́ ohun tí mo máa sọ lọ́jọ́ ẹjọ́.