Omi Tí Kò Gbọ̀n

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta
Ó bọ́ sí i! Ọdún mẹ́fà, ó bọ́ sí i. Omi ń gba inú páìpù káábọ̀n mi, tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, kọjá ní ìlọ́po mọ́kànlá iye tí à ń retí, hóró iyọ̀ kan ṣoṣo ò sì wọlé. Inú kọ̀ǹpútà ni o — kò sí omi kankan níbì kankan, nọ́ńbà lásán ni — ṣùgbọ́n tó bá lè rí bẹ́ẹ̀ lójú ayé, omi òkun á di mímu. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń nu ilẹ̀ sáré wọlé wá wò mí. Ọ̀gá mi, Baba Ẹ̀rín, rẹ́rìn-ín. (Ìgbà wo ni kì í rẹ́rìn-ín?) Ó ní kí n ṣe é ní fíìmù, kí n bo páìpù náà mọ́lẹ̀ kí omi nìkan lè hàn. Ó ní àwòrán á mọ́. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Baba Ẹ̀rín ti ń pè mí ní Dókítà. Ọjọ́ kọkànlélógún ni màá dúró níwájú àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Kí wọ́n ṣáà fún mi lóyè yìí, kí n sinmi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo fi fíìmù náà han Sísítà, ẹ̀gbọ́n mi nọ́ọ̀sì, níbi tó ti ń jẹun. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó wò ó bó ṣe máa ń wo àyà aláìsàn. Ó ní àwọn wọ̀nyí ò mí. Mo ní, Sísítà, omi ni. Ó ní òun mọ̀ pé omi ni, kí n gbé e kúrò níwájú òun. Inú bí mi. Kí ló mọ̀?

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Kí ló mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo tún un wò lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Òótọ́ ló sọ. Hóró omi tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ yẹ kó máa gbọ̀n, kó máa yí, kó máa kọ lu ẹnìkejì. Tèmi ò gbọ̀n. Gbogbo wọn kọjú síbì kan náà, wọ́n tò, wọ́n ń lọ. Mo wo ìwọ̀n ooru wọn: mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, bíi ti omi tó ń gbọ̀n. Kò lé, kò dín. Ẹ̀rù bà mí, mo pa á.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo ká ohun tí mo fi bo páìpù náà kúrò nínú fíìmù. Orí mi wú. Páìpù náà ń rìn. Páìpù, omi, iyọ̀ — gbogbo wọn dì gbagidi, wọ́n jọ ń lọ. Wọ́n á gba ọ̀tún jáde, wọ́n á tún gba òsì wọlé, wọn ò dúró. Kò sí ohun tó ṣàn. Mo dà bí ẹni tó dúró lẹ́bàá títì, tó ń ka àpò inú ọkọ̀ tó ń kọjá, tó wá ní àpò ń fẹsẹ̀ rìn. Eré tí wọ́n ń sá ni kọ̀ǹpútà ń kà sí ooru. Ìlà àṣẹ kan péré ló yẹ kó de páìpù náà mọ́lẹ̀, ìlà yẹn ò sì sí nínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Èmi kọ́ ni mo kọ fáìlì o! Baba Ẹ̀rín ló kọ ọ́. Gbogbo wa là ń dà á kọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Mo ṣe é lákọ̀tun, mo de páìpù. Omi ń gbọ̀n báyìí, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n èyí tó ń kọjá ò tó nǹkan, iyọ̀ sì ń wọlé bí ẹni ń wọ ilé bàbá ẹ̀. Ọdún mẹ́fà mi! Mo lọ sunkún nílé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ọjọ́rú, 12
Àwọn méje ló ti gboyè níbí ṣáájú mi. Mo ṣí páìpù inú fíìmù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń rìn. Ó ń rìn. Títí dé ìkẹta, mo ṣì ń gbàdúrà. Àwọn méjèèje. Àánú wọn ṣe mí, ọmọ ọlọ́mọ, wọn ò mọ̀. Fáànù kọ̀ǹpútà nìkan ló ń dún nínú yàrá. Ọdún mọ́kànlá ni àwọn nǹkan yìí ti ń rìn lábẹ́ ohun tí a fi bò wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo lọ bá Baba Ẹ̀rín. N ò tíì jókòó, n ò tíì la ẹnu. Ó ní, "O ti ṣí i." Kò bi mí o, ńṣe ló sọ ọ́. Ẹ̀rín kan náà. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa fi han àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò. Ó ní kí n ṣe bó bá ṣe wù mí, kí n ṣáà rí i pé mo ń sùn dáadáa. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ ẹ̀ tutù.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Sísítà ní tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á lé mi. Tí n ò bá sọ ọ́ ńkọ́? Ó ní ìyẹn burú jù. Ó bu omi fún mi. N ò lè mu ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 21
Mo sọ ọ́.
Àwọn mẹ́ta ló wá yẹ̀ mí wò, inú àwọn méje yẹn ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Mo gbé fíìmù náà sára ògiri níwájú wọn, mo ṣí páìpù, ó tóbi tó ilẹ̀kùn, ó ń rìn. Mo ní irọ́ ni iṣẹ́ mi. Mo ní ẹ forí jì mí, irọ́ ni tiyín náà.
Ẹnikẹ́ni ò pariwo. Màmá tó dàgbà jù nínú wọn bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún. Ó ní, "Èmi náà ṣí i lọ́jọ́ tèmi, ọmọ mi." Ẹnìkejì ní òun náà. Ẹnìkẹta kàn mi orí.
Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí léèrè nípa ojú ewé kẹrìnlélógójì, wọ́n ní kí n tún àwọn àmì ohùn ibẹ̀ ṣe. Ogún ìṣẹ́jú, ó parí. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ kú oríire, Dókítà. Màmá ní lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹni tó kàn bá dúró síbi tí mo dúró sí, èmi náà máa wà nídìí tábìlì pẹ̀lú wọn, wọ́n ti kọ orúkọ mi.
Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."