Wáyà Iná Ọ́ìlì Tí Ẹ Gé

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ara Màmá ń yá díẹ̀díẹ̀, òrùlé ilé ìdáná náà ò sì jò mọ́. Àmọ́ mọ́tò tí ẹ fún Bàbá ti bàjẹ́.

Bàbá ń gbé Màmá bọ̀ láti ilé ìwòsàn ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kó-kó-kó, ló bá kú sáàárín títì. Mẹkáníìkì yẹ ọ́ìlì wò, ó kún. Ó wá so gééjì tí wọ́n fi ń wọn agbára ọ́ìlì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó sì tan mọ́tò sílẹ̀ lójú kan. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná báyìí, ọwọ́ gééjì wálẹ̀ pátápátá. Ó ní irin inú rẹ̀ ti jẹ tipẹ́, ọ́ìlì ò lágbára mọ́.

Ó bi Bàbá pé, "Ṣé iná pupa tó ń kìlọ̀ nípa ọ́ìlì ò tàn níwájú yín ni?"

Kò tàn rí. Nígbà tó tọ wáyà iná náà lọ, ó rí i pé wọ́n ti gé e, wọ́n sì fi téèpù wé e.

Bàbá ní eku ló jẹ ẹ́. Eku wo ló ń fi téèpù wé ibi tó bá jẹ? Ẹ̀yin nìkan lẹ wà á kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ mọ̀, Bọ̀dá! Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa fi gbé ìyá yín!

Mi ò béèrè mọ́tò mìíràn. Ẹ pe Bàbá, kí ẹ fẹnu ara yín sọ òtítọ́ fún wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣọ́ ọmọ tó fún àwọn ní mọ́tò. Èmi ò tíì lè ṣe àmín.

Àbúrò yín ni.