Àga Tí Wọ́n Tò Dè Wá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú làálàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ ètò yìí náà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí.

Iṣẹ́ alukoro ni mò ń ṣe nílé-iṣẹ́ kan. Tá a bá ṣẹ aráàlú láyé ọjọ́un, ẹsẹ̀ wa la fi ń lọ bẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá tuntun dé, ó ní ayé ti lajú, kí kọ̀ǹpútà máa bá wa kọ ẹ̀bẹ̀, ká máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn.

Lóṣù tó kọjá, èéfín wa ba gbogbo aṣọ táwọn ará ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ sá sóòrùn jẹ́. Kọ̀ǹpútà kọ ẹ̀bẹ̀ tó dùn bí oyin, ó wá fi parí ẹ̀ pé, "A ń bọ̀ wá kí yín nílé." Kò sẹ́ni tó kà á dópin nínú wa ká tó fi ránṣẹ́.

Làwọn ìyá àdúgbò bá gbálẹ̀, wọ́n to àga síta. Ìyá tó bí mi lọ́mọ wà lára wọn! Mo sọ fún ọ̀gá, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, màdáàmù. Ẹ ní kó kọ òmíràn." Ó ní ẹni tó bá lọ bá wọn lórúkọ ilé-iṣẹ́, kó má padà wá síbi iṣẹ́.

Lánàá, màmá mi pè mí: "Àwọn ọ̀gá yín dà? Òjò ti pa àga wa o."

Olóòtú, mo fẹ́ lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ bá mi bi àwọn olùgbọ́: tí mo bá jókòó sórí àga yẹn tí mo bẹ̀ wọ́n, ṣé ilé-iṣẹ́ ló bẹ̀bẹ̀ ni, àbí ọmọ màmá mi?

Èmi ni, Alukoro Tí Ò Rọ́rọ̀ Sọ.