Ẹ̀bẹ̀ tí Bàbá Ṣùáíbù Bẹ̀ ní Kóòtù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Kóòtù ìbílẹ̀ nílé ti tú ìgbéyàwó Nusirat ká. Ọkọ ló gba ọmọ. Kàfáyàt, ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá Nusirat. Ọjọ́ Ẹtì ni kí wọ́n fà á lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Nusirat pè mí láti Hor Al Anz, ní Dubai níbí. Ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń gbé bedspace, yàrá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń háyà ibùsùn, ló gba fóònù tó ṣàlàyé.

Ó tẹ̀lé Atọ́nà — voice note tí èmi àti Ọlọ́ládé ń ṣe fún àwọn ará wa níbí tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nílé, tí wọn ò ní lọ́yà. Èmi ń kọ, òun ń kà. Ìmọ̀ràn ìkẹta inú rẹ̀ ní: bí o ò bá lè dé kóòtù, rán ẹbí tó mọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó rán ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Ṣùáíbù.

Ọjọ́rú, 8

Mo bá Bàbá Ṣùáíbù sọ̀rọ̀. Kí adájọ́ tó béèrè ohunkóhun, wọ́n ti dọ̀bálẹ̀. "Olúwa mi, ọmọ wa ti ṣẹ̀, ẹ bá wa bẹ ọkọ rẹ̀."

Mo ní kí ló ṣẹ̀?

"Kò ṣẹ nǹkan kan! Ọkọ ló lé e jáde. Ṣé kí n wá máa nàka sí àna mi lójú ayé? Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti wá."

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ọkọ fi ránṣẹ́ pé kó má padà wálé, èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé, ò kúrò nínú àpò wọn. Akọ̀wé kóòtù kọ ọ́ sílẹ̀: olùjẹ́jọ́ gbà pé òun jẹ̀bi.

Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe ìjẹ́wọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà tí a fi ń wọlé sọ́rọ̀ ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. N ò fi í sínú Atọ́nà.

Ọjọ́bọ̀, 9

Typing centre kan ní Al Muteena, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn tẹ ìwé. Nusirat fọwọ́ sí ìwé pé kí kóòtù dá àṣẹ náà dúró, kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. A fi ránṣẹ́ sí Ṣínà, àbúrò rẹ̀ nílé.

Ọlọ́ládé fẹ́ ká yọ ìmọ̀ràn ìkẹta kúrò. "Ẹ̀gbọ́n, ohùn tèmi ni gbogbo àwọn ará wa ní Naif ń gbọ́, kì í ṣe tiyín." A tún un kà: ẹni tí ẹ bá rán kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ kó tó rojọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí àgbàlagbà má bẹ̀bẹ̀? Khalas, ó ti parí. Wọ́n á ní Dubai ti bà wá jẹ́."

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ṣínà fi ìwé sílẹ̀. Adájọ́ ò jókòó. Àṣẹ ṣì dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ọkọ dé ilé ìyá Nusirat lánàá. Ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Kò sí ìyá, kò sí ọmọ. Ó ti lọ sọ fún ọlọ́pàá.

Bí ìyá bá gbé ọmọ sá, ó ti tẹ àṣẹ kóòtù lójú, ta ni yóò ka ìwé wa? Mo sọ ọ́ fún Nusirat bẹ́ẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Màámi bá gbé e sá, inú mi dùn."

Fóònù ìyá náà ò lọ. Ṣínà ti wọkọ̀ lọ sí Ìkòròdú, ilé àǹtí wọn, láti wò bóyá ibẹ̀ ni wọ́n wà. Kò tíì pè.