Ìdérí Táńkì Kejì

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà 2025

Ìwé tí a fẹ́ máa fi kọ bí epo ṣe kù nínú táńkì ni ìwé yìí. Ọ̀gbẹ́ni ló rà á. Ó lo ojú ewé mẹ́rin, ó kú. Mo ń lo ìyókù.

Ọ̀gbẹ́ni — ọkọ mi. Bí mo ṣe ń pè é nìyẹn láti ọjọ́ tí a ti mọra. Ó ti lé ní oṣù méjì tó ti kú. Opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ló kàn mí, mo sì ti jókòó sínú rẹ̀. Yàrá mi wà lẹ́yìn ilé epo wa, láàárín Ìmọ̀ta àti Ìtòíkìn, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pọ́ǹpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ń rí gbogbo rẹ̀. Àwọn mọ́tò tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn èrò tó ń sáré lọ sí ilé ìtọ̀, àwọn tó gbé búútà lọ ṣe àlùwàlá, ìyá onírẹsì, fọkanáísà. Mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti pa ohùn rẹ̀.

N kò sunkún lónìí. N kò sunkún lánàá náà.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Akọ̀wé wá kí mi. Mujeeb lorúkọ rẹ̀, àbúrò Ọ̀gbẹ́ni, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, nítorí bírò àpò ẹ̀wù rẹ̀ tí kì í fi kọ nǹkan kan. Símẹ́ńtì ló ń tà ní Ìkòròdú. Àwọn ẹbí ló ní kó máa bójú tó ilé epo títí mà á fi jáde opó.

Mo bi í bóyá wọ́n ń wọn táńkì láràárọ̀. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jókòó sínú opó yín. Iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn."

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Ọ̀gbẹ́ni fi jọ ń wọn táńkì yẹn. Mo ní, "Ó dáa, Akọ̀wé."

Ọjọ́bọ̀, 12

Òjò. Mo jẹ búrẹ́dì.

Jímọ̀, 13

Mùlíkátù yà. Ẹja ló máa ń lọ rà ní Ẹ̀pẹ́, tó ń gbé wá tà ní Ìkòròdú. Bọ́ọ̀sì Ọláòtán ló ń wọ̀, Ọláòtán kì í sì í kọjá kó má ra epo lọ́dọ̀ wa. Láti ọdún tí a ti ṣí ilé epo ni wọ́n ti ń yà.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wá kí mi, òun nìkan ni kì í sọ pé kí n ṣe sùúrù. Ó wọlé, ó da ọ̀bọ̀kún méjì sínú abọ́, ó ní kí n gbé iyọ̀ wá, ó fi fọ̀ wọ́n títí yíyọ̀ ara wọn fi tán. Ó ní, "Ilé ìtọ̀ yín ti ń rùn o. Nígbà tẹ́ ẹ wà níta, èèyàn lè jẹun níbẹ̀." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọláòtán fun fèrè níta, ó sáré lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù.

Mo se ẹja náà. N kò mọ adùn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 14

Ọkọ̀ agbépo dé. Táńkì méjì la rì mọ́lẹ̀. Táyé ni mo ń pe èkíní, mo ń pe èkejì ní Kẹ́hìndé. Táyé ni wọ́n ń tà lọ́wọ́. Kẹ́hìndé ni wọ́n já epo tuntun sí, bí Táyé bá gbẹ ni wọn yóò ṣí i.

Mo ń wo awakọ̀ náà láti ojú fèrèsé. Nígbà tó já epo tán, kò lọ́ ìdérí Kẹ́hìndé pa. Ó kàn gbé e lé e lórí, bí ẹni dé ìkòkò ọbẹ̀. Akọ̀wé dúró tì í, ó ń tẹ fóònù.

Àìkú, 15

Òjò láti ìdájí títí di ọ̀sán. Gọ́tà kò gba omi mọ́. Omi mu Bùnmi, ọmọbìnrin tó ń ta epo, dé kókósẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lé orí pọ́ǹpù. Ojú Kẹ́hìndé rì pátápátá. Mo rí omi tó ń yí po lórí rẹ̀, tó ń yọ ìfófòó. Omi kì í yí bẹ́ẹ̀ bí kò bá rí ibi wọ̀.

Omi wúwo ju epo lọ. Ìsàlẹ̀ táńkì ló ń lọ jókòó sí, ìsàlẹ̀ yẹn náà sì ni pọ́ǹpù ti ń fà. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn. Mọ́tò tó bá mu ún kò ní rìn jìnnà.

Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi kò tilẹ̀ sunkún. Mo kàn ń ríran ni.

Mo fa kọ́tìnì. Mo sùn.

Ọjọ́ Ajé, 16

Oòrùn ràn. Ilẹ̀ ti gbẹ, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Wọ́n ṣì ń ta Táyé.

Kí Akọ̀wé fi ọ̀pá wọn Kẹ́hìndé kó tó ṣí i, ìyẹn náà ti tó. Ìpara kan wà tí a máa ń fi pa ìdí ọ̀pá: bó bá kan omi, á pọ́n. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, lápá òsì. Kó wá a. Iṣẹ́ ọkùnrin ṣáà ni.

Ìṣẹ́gun, 17

Bùnmi gbé oúnjẹ wá. Ó ní, "Mummy, táńkì one ti fẹ́ tán o. Bóyá láàárọ̀ ọ̀la la máa ṣí two."

Mo ní, "Ó dáa."

Mo wo ògiri. Ó kó abọ́ àná, ó lọ.

Mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹnu mi wúwo. Kì í ṣe irọ́, ó wúwo lóòótọ́, bó ṣe wúwo láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí Akọ̀wé tẹ́. Kí mọ́tò méjì mẹ́ta kú sórí pọ́ǹpù, kí àwọn awakọ̀ bú u lójú gbogbo èrò, kí ó wá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yìí. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé kò sí ẹni tó máa kà á.

Ọjọ́rú, 18

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni wọ́n ṣí Kẹ́hìndé. Wọn kò wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀sì Ọláòtán ló kọ́kọ́ rà níbẹ̀. Mo rí i tó wọlé. Mo rí i tó jáde.

Àwọn mọ́tò méjì tó tẹ̀ lé e kú sórí pọ́ǹpù, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe fẹ́.

Ọláòtán rìn dé kọ́nà tó kọjá afárá Ìtòíkìn kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó kú. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n lọ sẹ́yìn láti tì í. Tipa oníyanrìn kan ń bọ̀, kò rí wọn. Bùnmi ló sáré wá sọ fún mi, kò lè mí dáadáa. Ẹni mẹ́rin ló fara pa. Ti Mùlíkátù ló le jù. Ẹsẹ̀ ni.

Akọ̀wé ti pa gbogbo pọ́ǹpù. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mọ́sálásí wa, ó di orí mú. Ó ti tẹ́. Inú mi kò dùn, inú mi kò bàjẹ́. Mo wá inú mi títí, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 19

Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Jímọ̀, 20

Mo pe Àáfà Láwàl lórí fóònù. Mo bi wọ́n bóyá opó lè jáde lọ wo aláìsàn. Wọ́n ní bí ọ̀ràn bá pọn dandan mo lè jáde lójúmọmọ, kí n ṣáà padà wá sùn sílé. Wọ́n ní, "Ilé epo yẹn náà, ẹ lè máa lọ bójú tó o. Àtìbẹ̀rẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ò bi mí ni."

Mo dúpẹ́. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti kọ́ wa nílé kéú kí n tó pé ọmọ ọdún méjìlá.

Àbámẹ́ta, 21

Mo fọ híjáàbù. N kò lọ.

Àìkú, 22

Mo lọ. Bùnmi sìn mí dé ọsibítù ní Ìkòròdú, ó dúró síta.

Mùlíkátù ti rù. Lateefat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Bí Mùlíkátù ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là. "Ẹ wo ẹni tó wá! Nínú opó!" Ó ní kí Lateefat dìde kí n rí àga jókòó. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Akọ̀wé yín yẹn ló fa èyí. Ká ní ẹ wà níta ni, ẹ̀ bá ti rí i."

Mo lè dákẹ́. Ẹnu mi kò wúwo mọ́, ìyẹn ló yà mí lẹ́nu.

Mo ní, "Mo rí i."

"Ẹ rí kí ni?"

Mo sọ ọ́. Ìdérí, òjò, fèrèsé, kọ́tìnì tí mo fà. Mo sọ pé mo fẹ́ kí Akọ̀wé tẹ́. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́.

Ó bi mí pé ọjọ́ wo lòjò yẹn. Mo ní Sọ́ńdè. Ó fi ìka kà á lórí aṣọ ìbora: Sọ́ńdè, Mọ́ńdè, Túsìdeè. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sì ní fóònù."

Opó kò gba fóònù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ nínú tèmi. Ó ní kí Lateefat bá òun yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ògiri wà. Ara rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí láìsí ẹsẹ̀ kan, ó sì ké. Igbe yẹn wọ̀ mí lára. Ó dùn mí. Ohun àkọ́kọ́ tó máa dùn mí láti oṣù Kẹrin nìyẹn. Mo dìde kí n bá wọn gbé e.

Lateefat ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mà."